Ọjọ́ tí Olórí Kang Gé Wáyà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wá nǹkan jókòó lé kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí orúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ṣe é pè tán lórí ìdúró. Òun ni Ọlọ́lá Kang Chin-fa, Olórí Àdúgbò Shuiwei nígbà mẹ́ta léra, Alága Ẹgbẹ́ Arìn-láàárọ̀, Baba Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Afọnfèrè, Olùdámọ̀ràn Àgbà fún Tẹ́ńpìlì Mazu, òrìṣà òkun, àti Igbákejì Alága Onípò Ọ̀wọ̀ fún ẹgbẹ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà lára káàdì tó máa ń pín fún ènìyàn. Káàdì náà ṣẹ́po lọ́nà mẹ́ta. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ọmọ ìkókó lè sùn lé e.

Ẹ má rò pé àdúgbò wa tóbi o. Òpópónà mẹ́fà ni, tẹ́ńpìlì kan, afárá kan, àti odò kan tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ní Taiwan wa níbí, olórí àdúgbò ni ẹni tí à ń pè bí iná òpópó bá kú, tàbí bí ajá aládùúgbò bá ń gbó ju bó ṣe yẹ lọ. A máa ń dìbò yàn án ni, ilé rẹ̀ náà sì ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kang ti sọ pálọ̀ tirẹ̀ di ààfin. Láràárọ̀ ní aago méje, ohùn rẹ̀ á bú jáde látinú àwọn gbohùngbohùn tó wà lórí òpó iná:

"Ẹ̀yin ará Shuiwei, ẹ káàárọ̀ o! Èmi Kang Chin-fa ti jí! Ọkọ̀ akólẹ̀ yóò dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣètò rẹ̀!"

Ọkọ̀ akólẹ̀ ti ń dé ní aago mẹ́rin kí Kang tó mọ aago í kà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe Lo Te-shui, olórí òpópónà kẹta, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbà á bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Kang bá sín, Lo á mi orí, á ní, "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe gún régé!" Bí Kang bá dákẹ́, Lo á ní ìdákẹ́jẹ́ olórí ní ìtumọ̀. Mo ti rí i rí tó ń kọ ìdákẹ́jẹ́ náà sínú ìwé.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá òpópónà kẹta yìí kan náà ni Tu Yueh-e ń gbé, opó ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tó ń ṣe tòfú, wàràkàṣì ẹ̀wà sóyà. Ìyá Olótòfú ni gbogbo wa ń pè é. Aago mẹ́ta òru ló ti máa ń jí lọ ẹ̀wà sóyà rẹ̀. Nígbà tí a bá fi máa jí, tòfú gbígbóná ti wà nílẹ̀, a ó sì máa jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, odò kún dé àyà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbé àpò ẹ̀wà mọ́kànlá lọ, ó sì ba ẹ̀ńjìnì ọlọ rẹ̀ jẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá láti Taoyuan, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ. Àjà kẹsàn-án ni mò ń gbé. Omi kankan ò lè gun àtẹ̀gùn débẹ̀." Ìyá kọ̀. Ó ra ẹ̀ńjìnì mìíràn, ṣùgbọ́n ó búra létí gbogbo wa: "Bí omi bá tún gbé èyí, mo ti lọ nìyẹn. Ara mi ò gbà á láti ra ìkẹta." Kò sí ẹni tó ń gbé Shuiwei tí kò mọ ìbúra yẹn.

Nítorí rẹ̀ ni Pan Hsiu-chin fi ṣe ohun tó ṣe. Obìnrin yìí ti fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gun òpó fún iléeṣẹ́ tẹlifóònù kó tó fẹ̀yìn tì. Ó so agogo omi kan, tó ń wo bí odò ṣe ga tó, mọ́ abẹ́ afárá, ó sì gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ, sí pálọ̀ olórí. Agogo abẹ́ afárá ní rédíò kékeré tirẹ̀ tó fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Bí omi bá ti dé ojú àmì pupa, kọ̀ǹpútà á gba inú wáyà aláwọ̀ búlúù kan lọ sí àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, á sì pe gbogbo fóònù tó wà ní òpópónà kẹta. Wákàtí kan gbáko ni ìyẹn máa ń fún Ìyá Olótòfú láti fi ẹ̀wọ̀n fa ẹ̀ńjìnì àti ẹ̀wà rẹ̀ sókè àjà.

Kang gbà kí wọ́n gbé e sílé òun, ṣùgbọ́n kìkì bí ó bá jẹ́ ohùn òun ni fóònù yóò máa sọ. Ó gbà á sílẹ̀ fúnra rẹ̀: "Èmi Kang Chin-fa, Olórí Àdúgbò yín nígbà mẹ́ta léra, tí mi ò sùn, tí mi ò wo nítorí yín, ń fi tìfẹ́tìfẹ́ sọ fún yín pé omi ń bọ̀."

"Olórí," ni Hsiu-chin wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e kúrú díẹ̀. Omi lè dé kí ẹ tó dé orí omi."

"Omi náà á dúró gbọ́," ni Kang fèsì.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni odò kún lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni fóònù dún, tí Ìyá fa ẹrù rẹ̀ sókè, tí omi wọlé tí kò bá nǹkan kan. Hsiu-chin sì ti gbé ọ̀rá ìpápánu àgbàdo aláwọ̀ ewé kan lé orí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí "ṣe jẹ́jẹ́". Kò sí ẹ̀rọ gidi kan lórílẹ̀-èdè wa tí kì í ní in lórí, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ báńkì, ìbáà jẹ́ ti ilé ìwòsàn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ òfin yẹn.

Báwo wá ni ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀? Àwòrán ló fà á. Olórí Agbègbè wá mu tíì nílé Kang, wọ́n ya fọ́tò, Kang sì jókòó bí ọba lórí àga onígi dúdú rẹ̀. Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ orí fóònù tí àdúgbò fi ń bára sọ̀rọ̀. Wáyà búlúù yẹn gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹnì kan tó fi àwòrán orí ológbò bo ojú ara rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ta ló so Olórí wa mọ́ ògiri? Ṣé wọ́n ń bẹ̀rù kó má sá lọ ni?"

Ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Kang kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí òpó iná. "Ẹ̀yin ará Shuiwei! Ayé okùn ti kọjá! Ewúrẹ́ là ń so lókùn! Ṣé ewúrẹ́ ni Shuiwei?"

"Ó tì o! A kì í ṣe ewúrẹ́!" ni Lo ń pariwo láti ojú fèrèsé rẹ̀, òun nìkan, nínú ṣòkòtò ìsùn.

"Láìpẹ́, àwa ni yóò jẹ́ Àdúgbò Aláìlókùn àkọ́kọ́ lẹ́bàá odò yìí! Afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ wa!"

Ó lọ sí ìlú, ó ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà kó lè máa gba íńtánẹ́ẹ̀tì látinú afẹ́fẹ́. Èyí tó ní ìwo kan wà lórí àtẹ. Èyí tó ní méjì wà. Kang mú oníwo mẹ́rin. Ó gbé e jáde níwájú Hsiu-chin bí ẹni gbé adé.

Hsiu-chin yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. "Olórí, ta ló ní kí ẹ ra irú èyí?"

"Ìwo rẹ̀ mẹ́rin ni mo wò."

"Ìwo kọ́ là ń wò. Kọ̀ǹpútà yìí ò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo ní láti wá èdè náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí n kó o sínú kọ̀ǹpútà, kí n wá kọ́ àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Inú wáyà búlúù yìí ni mo sì máa gbà ṣe gbogbo ẹ̀. Kọ̀ǹpútà yìí ò ní ojú, kò ní bọ́tìnnì. Wáyà yẹn nìkan ni ẹnu ọ̀nà tí mo ní. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀ títí di Sátidé. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣiṣẹ́ láìdákú, a óò yọ wáyà."

"Sátidé?" Kang rẹ́rìn-ín. "Obìnrin yìí, èmi ni mo sọ fún àjọ iná pé kí wọ́n tan iná òpópónà kejì, ọjọ́ kejì gan-an ni wọ́n tàn án."

"Olórí, ènìyàn ni àjọ iná. Èyí ò mọ̀ yín rí."

Ọjọ́ Ajé, Hsiu-chin rí èdè náà, ó kó o sínú kọ̀ǹpútà. Oníwo mẹ́rin rí Wáì-fáì, ó dì í mú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó jù ú sílẹ̀. Obìnrin náà jí i, ó tún dì í mú, ó tún jù ú sílẹ̀. "Ó ń sùn ni," ni Hsiu-chin ṣàlàyé. "Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá pè é, á sùn kó lè fi iná pamọ́. Mo máa wá ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kó má sùn."

"Sùn?" ni Kang ké. "Nínú ilé tí èmi kì í ti í sùn?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má rò pé irọ́ ni mò ń pa. Ọkùnrin yìí jókòó, ó kọ ìwé ìyànsípò. Ó lu òǹtẹ̀ pupa mọ́ ọn. Ó dìde dúró, ó tún ẹ̀wù aláìlápá tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ṣe, ó sì kà á sí ẹ̀rọ náà létí pé láti òní lọ, òun fi í jẹ Igbákejì Olórí Àdúgbò fún Ọ̀rọ̀ Afẹ́fẹ́, àti pé òṣìṣẹ́ ìjọba kì í sùn lẹ́nu iṣẹ́. Lo tẹrí ba fún oníwo mẹ́rin. Ó kí i kú oríire. Kang wá gbé ọ̀rá aláwọ̀ ewé kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó fi aláwọ̀ ìyeyè rọ́pò rẹ̀, nítorí àwọ̀ ìyeyè ni fìlà ìbò rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè ni pátákó rẹ̀.

Ìyá Olótòfú, tó gbé tòfú wá fún ìyàwó rẹ̀, rí i, ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Olórí, ìyeyè kẹ̀? Ìkìlọ̀ ni ìyeyè o! Ẹ̀rọ máa ṣàìsàn!"

"Ìyá, àṣà ló ń tẹ̀lé olórí. Olórí kì í tẹ̀lé àṣà."

"Ọ̀rọ̀ ńlá!" ni Lo wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kang ṣí ìwé tó ń sọ ọjọ́ rere àti ọjọ́ búburú. Kò rí nǹkan kan fún Sátidé. Ṣùgbọ́n Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ìwé ní ó dára fún gígé irun àti títo ibùsùn. "Gígé ni gígé ń jẹ́," ni Kang wí. Ọjọ́ ti dá.

Ní Ọjọ́rú yẹn, gbogbo wa pé síwájú ilé rẹ̀. Obìnrin mẹ́jọ wọ ìbọ̀wọ́ funfun, wọ́n gbé tíréè. Wọ́n ti so òdòdó pupa tó tó orí ènìyàn mọ́ àárín wáyà búlúù. Kang gbé àlùmọ́gàjí wúrà sókè. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta nípa bàbá rẹ̀, nípa òmìnira, nípa ewúrẹ́. Oòrùn ń pa wá. Iná kékeré aláwọ̀ ewé sì ń ṣẹ́jú lára oníwo mẹ́rin.

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń ṣẹ́jú sí mi?" ni Kang wí.

Lóòótọ́ ló ń ṣẹ́jú. Iná mànàmáná ló ń jẹ lára kọ̀ǹpútà. Ó ń jẹun, kò sì ṣiṣẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba.

Ìyá Olótòfú na ọwọ́ sókè. "Olórí, kí ẹ tó gé e, ẹ jẹ́ ká ki agogo abẹ́ afárá bọ garawa omi. Bí fóònù mi bá dún, ọkàn mi á balẹ̀."

"Ìyá! Ṣé a máa ń ki ìyàwó bọ odò lọ́jọ́ ìgbéyàwó ká tó mọ̀ bóyá ó gbọ́n?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ní àkókò yẹn gan-an ni fóònù Kang dún. Ó fà á yọ, ó gbé e sókè. "Ẹ gbọ́! Igbákejì mi ti ń pè mí!"

Lo ló pè é. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí i, mo sì dákẹ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé Kang fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ọkùnrin náà gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Hsiu-chin ń já ọ̀nà láàárín èrò. "Olórí, ẹ má gé e! Ó ṣì ń sùn! Ẹ ti fẹ́—" Wọ́n tan bángà. Pà, pà, pà, pà. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Kang gé wáyà. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, kò sì sí ẹni tó fi ìbọn sí mi lórí.

Nígbà tí èéfín rọlẹ̀, Hsiu-chin ní, "Ẹ jẹ́ kí n mú wáyà mìíràn wá. Bó ṣe wà yìí, mi ò lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń gbọ́ ti odò, ṣùgbọ́n kò ní ẹnu tó máa fi sọ ọ́."

"Wáyà kankan ò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì yìí títí àwọn adájọ́ yóò fi dé," ni Kang wí. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìlú ń rán adájọ́ mẹ́ta wá láti yan àdúgbò tó tayọ, Kang sì ti ṣí àyè sílẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ náà lórí ògiri.

Hsiu-chin lọ bá Ìyá ní ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbójú lé fóònù mọ́ o. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ lọ wo abẹ́ afárá fúnra yín. Èmi náà á máa wò ó."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá ṣe. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, ìkùukùu kan kò kọjá tí kò bá a ní ìdí afárá, agbòòrùn lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun fún ẹ̀wà.

Ọjọ́bọ̀ dé. Kang fi gbohùngbohùn pàṣẹ pé kí gbogbo òpópónà kẹta wà ní gbọ̀ngàn àdúgbò ní aago méjì ọ̀sán, kí wọ́n sì mọ ìgbà tí wọ́n ó pàtẹ́wọ́. Ó lọ sọ́dọ̀ Ìyá fúnra rẹ̀.

"Ìyá, iwájú pátápátá lẹ máa jókòó sí. Ẹ̀yin ni mo gbà lọ́wọ́ omi. Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ rí."

"Olórí, ẹ wo òkè lọ́hùn-ún yẹn, ó ti dúdú. Ẹ jẹ́ kí n dúró ti ọjà mi lónìí."

"Bí omi bá ń bọ̀, Igbákejì mi á sọ. Àbí irọ́ ni mò ń pa lójú yín?"

Kí ni ìyá àgbà yóò sọ? Ojú tì í láti pe olórí ní òpùrọ́ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò, ó sì gbé wàrà sóyà lọ fún àwọn àlejò.

Ọ̀rọ̀ Kang jẹ́ ojú-ìwé mọ́kàndínlógún. Nígbà tó dé ojú-ìwé kejì, òjò ti ń rọ̀. Nígbà tó dé ìkẹta, a kò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́ nítorí òjò orí páànù, Lo sì ń juwọ́ sí wa láti ẹnu ọ̀nà pé ká pàtẹ́wọ́. Ìyá ń wo fèrèsé. Ó fẹ́ dìde, Kang fi ojú dá a padà.

Hsiu-chin wà lórí afárá. Ó rí i tí omi kọjá àmì pupa, kò sì sí fóònù kan tó dún; tirẹ̀ ti kú sínú òjò. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá, ó bá àgádágodo. Ó sáré wá sí gbọ̀ngàn, ó bá Lo lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ kí n wọlé! Omi ti dé!"

"Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀," ni Lo wí jẹ́jẹ́. "Olórí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú-ìwé kẹrin ni. Bó bá dé ìkẹfà, ó máa mu omi. Ẹ lè wọlé nígbà yẹn."

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Inú ń bí mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni ọkùnrin yẹn fi dí ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi sọ́kàn.

Nígbà tó yá, Hsiu-chin fi èjìká tì í ṣubú. "Ìyá Olótòfú! Omi ti wọ òpópónà kẹta!"

Gbogbo ènìyàn dìde. Kang lu tábìlì. "Ẹ jókòó! Omi wo? Kò sí ìkìlọ̀ kankan! Fóònù ta ló dún? Ẹ dákẹ́, ta ló dún?" Kò sí èyí tó dún. Ó yíjú sí àwọn adájọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò rí i bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Omi tí ọ́fíìsì mi ò tíì kéde, omi kọ́ nìyẹn."

Ìgbà yẹn ni omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ó dé ẹsẹ̀ àga. Ó dé bàtà àwọn adájọ́. Kang gun orí àga, ó sì ṣí ojú-ìwé keje.

Ìyá Olótòfú ti lọ. Àwa mélòó kan tẹ̀ lé e nínú omi. Ó ń ṣubú, ó ń dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ náà dání láti ibẹ̀ títí délé. Nígbà tí ilẹ̀kùn fi máa ṣí, omi ti dé ìbàdí. Ẹ̀wà tó ti rẹ sílẹ̀ ń léfòó káàkiri, a kò sì rí ẹ̀ńjìnì ọlọ rárá nítorí ó ti wà nísàlẹ̀. Ó ṣáà ń fi àtẹ́lẹwọ́ kó ẹ̀wà jọ lójú omi, ẹ̀wà sì ń gba àárín ìka rẹ̀ lọ.

Lápá kejì, adájọ́ kan tó jẹ́ obìnrin, tó ti bọ́ bàtà rẹ̀, ní òun fẹ́ fojú rí ẹ̀rọ tí wọ́n ń yìn yìí. Hsiu-chin ló ṣíwájú wọn la omi dé ilé Kang. Kọ̀ǹpútà wà lórí pẹpẹ rẹ̀, ó gbẹ. Ìwé ìyànsípò wà lára ògiri. Oníwo mẹ́rin ń ṣẹ́jú.

Hsiu-chin kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó yọ wáyà tuntun nínú àpò rẹ̀, ó ki orí kan bọ kọ̀ǹpútà, ó ki ìkejì bọ àpótí ẹnu ọ̀nà. Ẹ rántí pé kọ̀ǹpútà náà ti ń gbọ́ ti odò látàárọ̀. Látìgbà tí omi ti dé àmì pupa, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ló ti ń ké, igbe náà kò sì rí ọ̀nà jáde, ó ń jọ síkùn. Bí wáyà ṣe wọlé báyìí, gbogbo rẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Fóònù dún nínú àpò mi. Fóònù dún lọ́wọ́ àwọn tó dúró lórí ògiri pẹ̀lú ajá wọn. Fóònù Ìyá dún nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti di odò. Ó gbé e sétí.

"Èmi Kang Chin-fa, Olórí Àdúgbò yín nígbà mẹ́ta léra, tí mi ò sùn, tí mi ò wo nítorí yín…"

Ó gbọ́ ọ títí dé ìparí. Bó ṣe pa á, ó tún dún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ló dún, ní gbogbo ilé, ohùn kan náà, tìfẹ́tìfẹ́ kan náà. Àwọn adájọ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà Kang. Obìnrin adájọ́ yẹn kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀, kò sì gùn.

Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀ ti ń yọ̀ lábẹ́ Kang. Bó bá sọ̀rọ̀ lórí òpó iná, àwọn ọmọdé á bá a parí rẹ̀: "nígbà mẹ́ta léra!" Tẹ́ńpìlì yọ orúkọ rẹ̀ lára àwọn olùdámọ̀ràn. Lo Te-shui bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti kìlọ̀ fún un, ó ní ó wà nínú ìwé òun. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nígbà tí ìbò dé ní oṣù kọkànlá, Hsiu-chin, tí kò ní káàdì kankan, fi ìbò igba ó lé mẹ́tàlélógójì borí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò kà á sí pé ọjọ́ ìbò ni Kang ṣubú. Mo rí ọjọ́ tó ṣubú, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a dìbò. Ọmọ Ìyá Olótòfú ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Taoyuan. Wọ́n ń kó ìkòkò, wọ́n ń kó àwọn pátákó tí wọ́n fi ń tẹ tòfú. Kang yọ sí wa, ọ̀já ìbò lọ́rùn, ìwé orúkọ lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bóyá àwọn ènìyàn ń wò. Ó wá wólẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì nínú ẹrẹ̀, bí àwọn tó ń wá ìbò ṣe máa ń ṣe bí ọ̀ràn bá le. Ẹkún gidi ni mo rí lójú rẹ̀.

"Ìyá mi! Ẹ dárí jì mí! Ẹ̀yin ni ìyá Shuiwei! Ẹ fún ọmọ yín ní àǹfààní kan sí i! Láìsí tòfú yín, kí ni Shuiwei? Láìsí ẹ̀yin, kí ni èmi?"

Ìyá gbé pátákó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó dà bíi pé àánú rẹ̀ ṣe é.

"Olórí, ẹ dìde nínú ẹrẹ̀. Lóṣù tó kọjá ni wọ́n ti gbé orúkọ mi kúrò nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ibí lọ sí Taoyuan. Mi ò ní ìbò ní Shuiwei mọ́."

Kang gbé ojú sókè. Ẹkún ti dá. "Háà, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ kí n tó kúnlẹ̀?" Ó dìde, ó gbọn orúnkún kan, ó gbọn ìkejì, ó sì fi bírò pa orúkọ Ìyá rẹ́ nínú ìwé rẹ̀. Ó wá yíjú sí ọmọ Ìyá tó ń so ẹrù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó wà ní ilé kejì yìí ńkọ́? Ṣé òun ṣì ń dìbò níbí?"